Ìwé Oògùn Oníbéèrè

Bírò méjì ni Akọ̀wé kó sórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù. Ó ṣí ìwé àjákọ tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ oògùn àbúrò rẹ̀ sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ. Fún òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó lo bírò dúdú: "Agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ó lo oògùn. Kò bì." Fún ti ọjọ́ Ajé, ó mú búlúù, ó sì jẹ́ kí ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́ díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kánjú. Òwúrọ̀ márùn-ún ló kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí. Nínú márààrún, kò sí ọ̀kan tí àbúrò rẹ̀ lo oògùn kankan.

Akọ̀wé kì í ṣe ọmọ burúkú. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí pé òun ló kọ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò sì sí oníbàárà tó gbà pé ọmọdé ló kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ni gbogbo ilé ń pè ní Oníbéèrè. Ọmọ náà lè bi èèyàn ní ìbéèrè títí èèyàn yóò fi gbàgbé ibi tó ń lọ.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Oníbéèrè láràárọ̀. Ó ń bì, ó sì ń rìn tàgétàgé. Inú ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, àfi ìgbà tí ilé ìwòsàn ya àwòrán orí rẹ̀, tí wọ́n rí kókó kan ní ẹ̀yìn ọpọlọ, tó tó ẹyin adìẹ kékeré. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ ọ́. Ọ̀gá àgbà tó mọ iṣẹ́ náà jù wà lẹ́nu ìrìn àjò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n sì dá. Kí ó tó dé, oògùn kan wà tí kò ní jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ náà wú: hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, wọn ò gbọdọ̀ pa ọ̀kan jẹ. Dókítà kékeré tó ń rí sí wọn ní kí wọ́n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwé yẹn ni ojú mi nílé yín," ni dókítà wí.

Ta ni wọn ì bá tún fún ní ìwé bí kò ṣe Akọ̀wé? Ilé búrẹ́dì ni ìyá wọn ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Bàbá wọn wà ní ìlú mìíràn, ó ń gẹ irun fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la títì, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé. Ìyá ló ń fún ọmọ ní hóró alẹ́, ti òwúrọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ fún ìdánwò àṣejáde bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, agogo méje gééré ni olùkọ́ sì ń ti ilẹ̀kùn. Oògùn náà korò. Èèyàn ní láti lọ̀ ọ́, kó bẹ Oníbéèrè, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá, kí ọmọ náà tó la ẹnu. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, Akọ̀wé wo aago, ó wo ọmọ tó di eyín pinpin, ó ní, "Ti alẹ́ máa tó o." Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó máa ń tọ́jú rẹ̀ títí ìyá wọn yóò fi dé, ó sì sáré lọ. Ohun téèyàn bá ṣe lẹ́ẹ̀kan tí ilé ò sì jó, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ kì í nira mọ́.

Ìyá wọn máa ń ka hóró tó kù nínú ìgò lálaalẹ́. Nítorí náà, gbogbo hóró tí Oníbéèrè kò lò ni Akọ̀wé ń dì sínú bébà, tó ń tì í bọ àpò báàgì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì tó kọ ìwé yẹn, tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rí dókítà, Oníbéèrè bì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò lórí ẹní. Wọ́n gbé e dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi di méjì?"

Akọ̀wé fa báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyá ti gbé ọmọ pọ̀n.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kékeré náà ń fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí kò sùn. Ó tan iná sí ojú Oníbéèrè, ó ní kó fi ìka kan imú ara rẹ̀, ìka náà sì gba ẹ̀gbẹ́ imú kọjá lọ sí etí. Ó gba ìwé àjákọ, ó ṣí i láti ewé kan dé èkejì.

"Ta ló ń kọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni," ni ìyá wí, pẹ̀lú ìyangàn díẹ̀ nínú àárẹ̀ ohùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun àná ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó káre. Àwọn àgbà míì ò lè kọ ọ́ tó báyìí." Dókítà pa ìwé dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọmọ yìí ò pa oògùn kan ṣoṣo jẹ, síbẹ̀ ọpọlọ ẹ̀ ń wú sí i. A jẹ́ pé oògùn ò ká a mọ́. Mi ò lè dúró de ọ̀gá wa títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni màá ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́la."

"Ṣé ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Mo ti bá ọ̀gá ṣe é. Mi ò dá a ṣe rí. Ewu ẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gá lọ, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà nínú ìwé yìí ò fún wa láyè."

Ó ti bébà kan sí ìyá níwájú pé kó fọwọ́ sí i. Ìyá wo bébà náà títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn.

"Akọ̀wé, yá mi ní bírò."

Akọ̀wé ki ọwọ́ bọ báàgì. Bírò búlúù ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, lẹ́yìn náà ló ba bébà tó di hóró oògùn sí. Bí ó bá mú bírò jáde, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, bóyá iṣẹ́ abẹ ọ̀la sì lè yọrí sí rere. Bí ó bá sọ̀rọ̀, kò ní lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀ mọ́. Oníbéèrè bì sínú abọ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá, ó sì ń sunkún láìpariwo, nítorí pé ẹkún gan-an ń dùn ún lórí.

"Ẹ má tíì fọwọ́ sí i, màámi," ni Akọ̀wé wí. Ó fa bébà yẹn yọ, ó tú u sórí tábìlì. "Irọ́ ni mo kọ. Kò lo ti òwúrọ̀ látọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tẹ́ ẹ wà nílé nìkan ló lò ó."

Dókítà fi ìka ka hóró náà. Márùn-ún. Ó fa bébà ìfọwọ́sí padà, ó sì pe nọ́ọ̀sì.

"Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ la máa gbà fún un lóògùn náà báyìí," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ àìlò oògùn ló fà á, ó máa yàtọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá yàtọ̀, abẹ ni." Ó yíjú sí Akọ̀wé. Kò bínú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Mo ní ìwé yìí ni mo fi ń ríran. O fi aṣọ dì mí lójú, o wá ní kí n máa mú ọ̀bẹ bọ̀."

Ìyá kò pariwo, kò sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ń nu ẹnu Oníbéèrè.

"Mo máa ń ka hóró yẹn lálaalẹ́," ni ó wí nígbà tó yá. "Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé mi ò fọkàn tán ara mi, ni mo ṣe ń kà á. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Ìgbájú ì bá sàn fún Akọ̀wé ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, èébì dáwọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oníbéèrè la ojú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹ ti padà di ẹyọ kan." Dókítà tún dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mí kanlẹ̀. Wọ́n lè dúró de ọ̀gá àgbà.

Ìdúró náà ló wá kù, ìdúró sì nira ju iṣẹ́ lọ. Orí àga gígùn ni wọ́n ń sùn. Ìyá ń lọ ṣiṣẹ́ dípò ọjọ́ Ẹtì tó pa jẹ, ó ń ti ilé búrẹ́dì bọ̀ tààrà sí wọ́ọ̀dù, ó ń fi ẹ̀yìn ti ògiri, oorun ń gbé e lọ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ti gba ìwé àjákọ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Kò kàwé púpọ̀, nítorí náà ilà kan ni ó ń fà fún oògùn kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ya róbótó bí ọmọ bá bì. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé má sọ nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ: gbé omi wá, wo ọmọ, mo ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì gbé abẹ wá láti fá orí Oníbéèrè. Bàbá ti dé láti ọjọ́ Àìkú, ó sì gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. Iṣẹ́ mi ni."

Ó gbé ọmọ jókòó sórí ìrọ̀rí, ó ta aṣọ funfun yí i lọ́rùn bí ó ti máa ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà.

"Bàámi, ṣé ẹ máa lẹ̀ ẹ́ padà tó bá yá?"

"Ó máa hù fúnra ẹ̀."

"Ta ló máa sọ fún un pé kó hù?"

Bàbá pa ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé díẹ̀ kó tó tún tàn án. Kò fi ìlà ọgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ọmọ náà.

Nígbà tó ń gbọn irun dànù níta, ó pe Akọ̀wé. "Màmá ẹ ti sọ fún mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gé ẹnì kan létí. Mo fi àtíkè bò ó, ó lọ ilé, etí kẹ̀. Ọ̀gá mi ní ọgbẹ́ tó bá wà ní gbangba, èèyàn á tọ́jú ẹ̀. Èyí tá a fi àtíkè bò ló ń kẹ̀. O ṣí tìẹ kó tó kẹ̀ tán. Ìyẹn ni mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n gbé Oníbéèrè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ náà ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Akọ̀wé má lọ. Agogo mẹ́sàn-án lù, ó jókòó síbẹ̀, ó mọ̀ pé olùkọ́ ti ti ilẹ̀kùn. Ìdánwò tó tìtorí rẹ̀ fi oògùn pamọ́ di ti ọdún tó ń bọ̀. Ìyá ń po etí ìró rẹ̀ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Bàbá lọ, ó bọ̀. Wákàtí méje gbáko ni kí ọ̀gá àgbà tó jáde, tí ìlà fìlà ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

"A ti yọ ọ́," ni ó wí. "Ó kù kó jí."

Ó jí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Wọ́ọ̀dù dákẹ́ débi pé ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìbéèrè bi ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà tọ́ka sí báńdéèjì orí rẹ̀, ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Ṣé irun ti gbọ́?" Bàbá sunkún, kò sì fi ojú pamọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún Oníbéèrè ń gbọ̀n. Akọ̀wé lọ bá dókítà kékeré ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òwúrọ̀ márùn-ún yẹn ló fà á?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ kókó náà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Bí mo bá ní òun kọ́, irọ́ ni. Bí mo bá ní òun ni, irọ́ ni."

Akọ̀wé mọ̀ pé òun yóò máa gbé ìyẹn kiri fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sílé, pẹ̀lú oògùn mìíràn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, kí ìyá tó jáde, ó gbé ìwé àjákọ sórí tábìlì níwájú Akọ̀wé, ó fi bírò kan ṣoṣo lé e. "Wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́," ni ó wí, ó sì lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n, kò sì sẹ́ni tí kì í ṣì í. Ṣùgbọ́n irọ́ tá a fi bo àṣìṣe ló ń sọ ọ́ di ewu, pàápàá bó bá jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ni yóò san án. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́, ìtìjú rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àtúnṣe ṣì wà.

Oníbéèrè di eyín pinpin. Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà tu ti àkọ́kọ́ dànù sára ògiri, ó gbé èkejì mì. Aago ti kọjá méje dáadáa. Akọ̀wé fa ìwé mọ́ra, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ó tu hóró kan dànù. Ó lo òmíràn ní agogo méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń gbọ̀n."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ kọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀," ni Akọ̀wé wí, ó sì gbé e pọ̀n.