Kí Ni Adálù Ń Ṣe Lọ́jọ́bọ̀?

Ìjà la fi pàdé, mi ò ní parọ́. Wọ́n pè mí láti wá kọrin níbi oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ṣe fún ọ̀gá kan tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ gbọ̀ngàn náà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí onílù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló dúró sídìí kíbọọ̀dù, ó ń rọra nu eruku orí rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

“Ẹ káàsán o. Àwọn yòókù ńkọ́?” mo bi í.

“Àwọn wo?”

“Onílù. Onígìtá. Àwọn èèyàn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ bọ́tìnì kan. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, béèsì dáhùn, gìtá tẹ̀ lé e. Ó wá ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n pàtẹ́wọ́.

“Gbogbo wọn ti dé,” ó ní.

Inú bí mi. Onílù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìlù ló fi rán mi lọ sílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Nílé wa, irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ mìíràn ju Gbaṣẹ́lọ́wọ́-ẹni lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” mo ní, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àpótí kan lé èèyàn mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́.”

Kò bínú. Ó nawọ́ sí igun tí wọ́n fún wa. “Ẹ wo àyè yìí, àǹtí. Ṣé onílù á gba ibẹ̀?”

Àga kan àti ìkòkò òdòdó kan ló ti kún igun náà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé mi ò tíì kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ibi tí mo bá ti fẹ́ mí, ó ti mọ̀ ṣáájú mi, á sì dá ìlù náà dúró dè mí.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.

Dùùrù méjì ló wà nínú yàrá náà. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀, Adálù ló sọ ọ́, torí ó ń dá ìlù lù. Èkejì gùn, ó wúwo, kò sì ní ìlù kankan nínú: ìyẹn ni Ìyá Àgbà. Onídùùrù mi ní ìlànà, kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ òun àti akọrin kan ṣoṣo, Adálù ló ń gbé lọ. Iṣẹ́ tí onílù bá wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà ni. Bó bá jẹ́ ilé ìjọsìn, dùùrù ńlá ti wà níbẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ tó fi ń tẹ àwọn igi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ dùùrù náà nìkan ló ń kì sínú báàgì. Kò ní láti sọ ibi tó ń lọ fún mi. Mo kàn máa wo ohun tó gbé ni.

Mo bi í nígbà kan pé, “Kí ló dé tó ò lè gbé Adálù lọ bá onílù?”

“Ìfẹ́ mi, ṣé ìwọ lè mú ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ wọlé ọkọ ẹ? Bí onílù bá rí Adálù níwájú mi, á mọ̀ pé mo lè ṣe é láìsí òun. Kò dáa bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, òun ló sì mú kó fẹ́ràn rẹ̀. Ó mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣeré fáwọn tó ń jẹun ọ̀sán ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Màmá wa nìkan lojú wọn kò rọ̀.

“Ọkùnrin tí kò nílò onílù, tí kò nílò onígìtá,” Màmá ní, “ṣé ìyàwó ló máa wá nílò?”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí nílé. Mi ò kàwé òfin. Ìbéèrè ló pọ̀ lẹ́nu mi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí á ṣègbéyàwó nígbà tí páìpù omi bẹ́ nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ ni, aago méjìlá ọ̀sán. Mo ní kí n lọ gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí mo bá Onídùùrù lọ̀ sí yàrá rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó ti lọ síbi iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá Àgbà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ bò ó. Àyè Adálù ló ṣófo.

Ara fu mí. Onílù wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ni Adálù ń wá níbi tí ẹ̀gbọ́n mi wà? Tí kò bá sì sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ akọrin wo ló wà? Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà padà sínú ọ̀rá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣe bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pè é lórí fóònù, mo fi oyin sí ohùn mi. “Ọkàn mi, o kú iṣẹ́ o. Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé kò ti ba ẹ̀yìn ẹ jẹ́?”

“Ó wúwo lóòótọ́,” ó ní, “àmọ́ a ti délé.”

Irọ́ gbuu! Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa parọ́ fún mi nìyẹn, tàbí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa mọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn “tàbí” yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ká ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Onídùùrù wá síbi iṣẹ́ lánàá?”

“Ó wá.”

“Kí ló gbé wá?”

“Dùùrù ni. Kí lonídùùrù tún máa gbé wá, àdá?”

Kò wojú mi. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó ní òun ń lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìnkùlé wọn. Mo wá mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ mọ̀ nípa rẹ̀, torí ọkùnrin a máa bo ọkùnrin láṣìírí. Ẹ̀gbọ́n tèmi gan-an! Ó dùn mí ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Sátidé, Onídùùrù fi mí sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó lọ ra búrẹ́dì. Mo tan Adálù. Ó máa ń to orin àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ wọn, kó má bàa tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀, orin mẹ́jọ, ó pè é ní “Ìfẹ́ Mi.” Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tuntun kan wà: “Ọjọ́bọ̀.” Orin méjìlá.

Mo tẹ ọ̀kan. Ìlù dún. Mo tẹ ibi tí béèsì ti ń dáhùn, béèsì kò dáhùn. Ó ti pa á. Gìtá, ó ti pa á. Ìlù nìkan ló fi sílẹ̀, nínú gbogbo orin méjèèjìlá.

Mo jókòó, mo rò ó bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Akọrin wo ló máa kọrin láìsí béèsì, láìsí gìtá? Kò sí. Ta ló ń fẹ́ ìlù nìkan?

Oníjó ni.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i lọ́kàn mi, òun àti ìbàdí rẹ̀. Mo pa Adálù kí búrẹ́dì tó dé. Mo jẹ búrẹ́dì náà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gé e. Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lọ́sàn-án, a pé jọ sílé Màmá láti ka orúkọ àwọn àlejò ìgbéyàwó: Màmá, ẹ̀gbọ́n mi, Onídùùrù àti èmi. Màmá bu tíì sínú ife mẹ́rin.

“Kí á tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni,” mo ní, “mo ní ìbéèrè.”

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. “Lọ́yà ti dìde.”

Mo kọjú sí Onídùùrù. “Kí lo gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀?”

Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbọ́n mi kó tó wò mí. “Ìyá Àgbà.”

“Mo wà ní yàrá ẹ lọ́jọ́ náà ní aago méjìlá. Ìyá Àgbà ń sùn lábẹ́ aṣọ.”

Ó ń yí ife tíì rẹ̀ po lórí tábìlì.

“Mo ti ṣí Adálù. Mo rí Ọjọ́bọ̀. Ìlù nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ni oníjó náà?”

“Oníjó?” Ó la ẹnu sílẹ̀.

“Oníjó kẹ̀!” Màmá gbé ife wọn sílẹ̀. “Mo sọ àbí mi ò sọ?”

“Màmá, kò sí oníjó kankan.”

“Ta ló wà níbẹ̀ nígbà náà?”

“Mi ò lè sọ, mà.”

Mo bọ́ òrùka ìka mi. Kò tètè jáde, mo fi agídí yọ ọ́, mo gbé e síwájú rẹ̀. “Sọ ọ́ fún mi,” mo ní. “Ohunkóhun tó bá jẹ́, sọ ọ́, kí n lè gbà ẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́.”

Ó wo òrùka náà. Omi lé sí i lójú. Ó mú un, ó fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dìde. “Ẹ má bínú, Màmá,” ó ní, ó sì gba ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn lọ.

“Jókòó,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀...”

“Mo ní kó o jókòó.”

Ẹ̀gbọ́n mi fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wa. Àwọn ìka náà ń gbọ̀n fúnra wọn. Ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ife. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí náà kúrò.

“Oṣù kẹrin rè é,” ó ní. “Dókítà ní iṣan ni. Ó lè padà, ó lè má padà. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ní àwọn fẹ́ ẹgbẹ́ tó pé, tí wọ́n bá mọ̀, gbogbo wa ló ń lọ sílé. Mo máa ń jókòó sídìí ìlù, mo ń fi ọwọ́ òsì kàn án díẹ̀díẹ̀. Adálù ló ń lu ìyókù. Àwọn tó ń ta béèsì àti gìtá wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pa tiwọn. Èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀.”

Ó wojú mi wàyí. “Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ. Ohun tí Lọ́yà bá gbọ́ láàárọ̀, Màmá ti gbọ́ ọ kó tó dọ̀sán. Ìyàwó mi lóyún, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lójú títì.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Màmá mú ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ wọn méjèèjì bò ó, wọ́n ń dúró kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Láìgbé ojú sókè, wọ́n bi Onídùùrù pé, “Ìwọ lò ń bá a lù ú?”

“Ẹ̀rọ ni, Màmá.”

“Ta ló ń tẹ ẹ̀rọ?”

Ó di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, kò tíì jókòó.

“Wá mu tíì ẹ, ọmọ mi,” Màmá ní.

Ó mu ún. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ẹnu géètì, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò méjì.

“Mo parọ́ fún ẹ,” ó ní. “Má bínú.”

“Mo ṣí Adálù láìgbàṣẹ. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Ẹ̀yìn mi tó o béèrè lórí fóònù ńkọ́?”

“Mo béèrè rẹ̀.”

“Ìbéèrè kọ́ nìyẹn. Pàkúté ni. O dẹ ẹ́, o sì jókòó tì í.”

Ojú tì mí débi pé mo ń ka bíríkì ara ògiri. “Mo ti rí oníjó yẹn lọ́kàn mi,” mo ní, “òun àti ìbàdí ẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ gbà á lẹ́nu, ó gbé e mì. “Bó o bá fẹ́ mọ nǹkan lọ́wọ́ mi, bi mí ní tààrà. Bí mi ò bá lè sọ ọ́, màá ní mi ò lè sọ ọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́.”

“Ó dáa.”

Ọkọ̀ kan kọjá. Òmíràn tún kọjá.

“Mo ní ìbéèrè kan,” mo ní.

“Bi mí.”

“Ṣé o ṣì fẹ́ fẹ́ mi?”

Kò tètè dáhùn. Tẹ́lẹ̀, ká ní ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo ti máa ka ìdí mẹ́wàá sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn dúró.

“Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ,” ó ní. “Inú sì ń bí mi gidigidi.”

Mo gba méjèèjì gbọ́.