Aago Èéfín Tí Hàbíbàt Yàn

"Hàbíbàt, gun àga yẹn kíá, kí o dí i lẹ́nu!"

Aago èéfín tí lanlọ́ọ̀dù so mọ́ àjà ilé wọn ní Morris Heights nílùú òyìnbó tún ti gbé igbe rẹ̀ dé. Kò sí iná kankan o, ata ni ìyá Hàbíbàt ń dín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí epo bá ti gbóná, aago á ké, Hàbíbàt á gun àga, á fi ọ̀rá dúdú wé e lórí bí ẹni wé gèlè fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gbàgbé ọ̀rá náà síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná jó ilé kan nítòsí wọn. Obìnrin tí òun àti ìyá Hàbíbàt jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń gbé ibẹ̀, orí ló kó o yọ. Nígbà tí Sàúdátù, ìyá Hàbíbàt, gbọ́, ó gbójú sókè wo ọ̀rá dúdú náà.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí Àlájà," ó wí. Àlájà ni ìyá tó bí Sàúdátù. Orúnkún ń dùn ún, òun nìkan ló sì sábà máa ń wà nílé lọ́sàn-án. "A máa ra smoke detector tó gbọ́n, èyí tó mọ èéfín ata yàtọ̀ sí ti iná. Ìwọ lo mọ̀ nípa internet, ìwọ ni kí o yàn án. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: ẹni tí kò bá sí nílé kò gbọdọ̀ lè pa á lẹ́nu mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

Inú Hàbíbàt dùn. Kò sí ẹni tó tíì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́ rí. Ó ka ohun tí àwọn tó ti ra oríṣiríṣi sọ, ó sì rí méjì tó dára. Èkíní máa ń fi ohùn èèyàn sọ yàrá tí èéfín wà, ó sì máa ń ránṣẹ́ sórí fóònù, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó dákẹ́ gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀, kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èkejì ń ṣe gbogbo èyí, ṣùgbọ́n èèyàn lè jókòó sí ibikíbi kó fi fóònù pa á lẹ́nu mọ́. Èkíní ni Hàbíbàt fẹ́ rà kí Mísbáù tó dá sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Sàúdátù ọkùnrin ni Mísbáù, ọmọ ọmọ ni òun náà jẹ́ fún Àlájà. Ìbàdàn ló ti wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé. Hàbíbàt fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò títí tó fi yege, òun ló sì máa ń bẹ̀bẹ̀ fún un tí ìyá rẹ̀ bá ń bínú.

"Èkejì yìí ni kí o mú jàre," Mísbáù ní. "Ṣé orí àga lo fẹ́ máa gùn títí o máa fi lọ́kọ ni?"

"Bùrọ̀dá, Mọ́mì ní àwọn ò fẹ́ irú ẹ̀."

"Wọn ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Kí o sì fún mi ní password ẹ̀, kí èmi náà lè máa bá Àlájà mójú tó o. Àbí o ò trust mi ni?"

Ìbéèrè yẹn ló mú un. Ta ni kò ní fọkàn tán Bùrọ̀dá Mísbáù? Hàbíbàt ra èkejì, wọ́n sì so ọ̀kan mọ́ àjà yàrá kọ̀ọ̀kan. Fóònù ìyá rẹ̀ ti gbó, kò lè gba app aago náà, nítorí náà orí fóònù Hàbíbàt àti ti Mísbáù nìkan ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó rí irú èyí tí òun fẹ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Irọ́ kékeré ni lójú tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èéfín wà ní yàrá Mísbáù. Kó tó wò ó dáadáa, aago á ti dákẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ti ilé ìwé dé, òórùn sìgá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Bùrọ̀dá! Ẹ ń mu sìgá?"

Mísbáù fà á wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Jọ̀ọ́, Hàbíbàt. Ìyá ẹ á lé mi jáde ni. Ibo ni mo fẹ́ lọ ní ìlú yìí? Bò mí láṣìírí. Mo máa fi í sílẹ̀."

Hàbíbàt bò ó láṣìírí. Ó rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Mísbáù kò sì fi sìgá sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Hàbíbàt wà ní kíláàsì. Ilé ìwé wọn kì í gba fóònù láàyè, wọ́n ti gba tirẹ̀ tì mọ́ inú àpótí láàárọ̀. Mísbáù ti sáré jáde lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lékè ní àdúgbò Tremont. Àjókù sìgá tó gbé sójú fèrèsé já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Aago ké nílé, fóònù Mísbáù dún ní Tremont. Ó rò pé èéfín sìgá òun ló ṣẹ́kù nínú yàrá, kò sì fẹ́ kí Àlájà fura. Ó tẹ fóònù, aago dákẹ́. Nígbà tó tún ké, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá bọ́ọ̀lù tó ń wò lọ.

Tiffany tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló gbóòórùn èéfín. Ó gbá ilẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá pe àwọn panápaná. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé Àlájà jáde. Ó ti dákú.

Nígbà tí Hàbíbàt sáré dé ilé ìwòsàn, Mísbáù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Hàbíbàt wà tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bá Sàúdátù sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, Hàbíbàt ni. Fóònù ẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, òun ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ fún un kó má ra irú ẹ̀ o, kò gbọ́."

Hàbíbàt wọlé. Ẹni tó bò láṣìírí! Ká ní ọ̀tá ló sọ ọ́, kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé Hàbíbàt.

"Èmi lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún, Bùrọ̀dá?" ó bi í. "Fóònù mi wà ní school láti àárọ̀, wọ́n tì í pa. Ẹ̀yin nìkan lẹ tún ní password." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, sìgá ni wọ́n ń mu nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Sàúdátù wo Mísbáù, Mísbáù wo ilẹ̀. Sàúdátù wá wo ọmọ rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

"O mọ̀, o ò sọ fún mi? Mo ní kí ẹni tí kò sí nílé má lè pa á. Mo bi ẹ́, Hàbíbàt. O ní bẹ́ẹ̀ ni."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Àlájà ti lajú. Rọ́bà tí wọ́n fi ń mí wà nímú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mo gbọ́ nígbà tó ké," ó wí. "Mo ti dìde jókòó, mo ń wá ọ̀pá mi. Ó bá dákẹ́. Mo ní, áà, Hàbíbàt ọmọ mi ti wò ó, kò séwu. Mo bá tún dùbúlẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló burú jù. Hàbíbàt wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó bú sẹ́kún. Mísbáù ti dalẹ̀ òun lóòótọ́, àmọ́ òun náà ti dalẹ̀ arúgbó tó fọkàn tán òun.

Àlájà padà wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ kò tíì fi í sílẹ̀. Mísbáù kó ẹrù rẹ̀ lọ sí àdúgbò Castle Hill, títí dòní kò sì tíì bẹ Hàbíbàt. Nígbà tó tó àkókò láti ra aago mìíràn, Hàbíbàt súnmọ́ ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Rárá," Sàúdátù dáhùn. "Mo ti yàn án fúnra mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hàbíbàt ju ìgbájú lọ, ó sì mọ̀ pé òun ló fà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ bo àṣírí tó lè pa ẹlòmíràn, ẹ má bò ó, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ẹ fẹ́ràn jù. Èéfín nìwà, bó pẹ́ bó yá, á rú jáde. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn tó fọkàn tán yín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n ń gbórí lé sùn.