Má Tíì Pa Á Dé

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní ibùdókọ̀ Fájuyì ló mọ̀ pé irọ́ dùn lẹ́nu mi. Èmi Dùnsìn ni mo máa ń fi ohùn awakọ̀ pe èrò Ìgèdè sínú ọkọ̀ Igbemo, tí màá sì fara pamọ́ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́. Àpá rẹ̀ wà níkùn mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá wò ó.

Mo tètè fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà kan níbẹ̀ tí n kò lè sín ohùn rẹ̀ jẹ.

Àpẹ́ńdíìsì tó wú lára ìfun mi ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Láti àyà lọ sísàlẹ̀, mo di igi. Ojú mi là, etí mi sì ń gbọ́. Wọ́n ta aṣọ sí iwájú mi, n kò rí ikùn ara mi mọ́.

Dókítà Akínlẹ́yẹ ló mú abẹ. Nọ́ọ̀sì Fọláwùnmí ni igbákejì rẹ̀. Òun ló ń fi irin fa ojú ọgbẹ́ sẹ́yìn, tó ń fa ẹ̀jẹ̀, tó sì ń so okùn. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nípò náà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adélékè tó gún mi lábẹ́rẹ́ jókòó síbi orí mi.

"Níbo ni ojú igbákejì máa ń wà?" Dókítà bi Fọláwùnmí.

"Nínú ọgbẹ́, sà."

"Bí èmi bá wo ibòmíràn ńkọ́?"

"Nínú ọgbẹ́ náà ni, sà."

"Ó dáa. Má fà á jù. Ara ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe pọ̀nmọ́."

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dúró kí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dákẹ́. Mo gbé ohùn Dókítà wọ̀.

"Fọláwùnmí, kọrin díẹ̀ fún wa."

"Orin wo, sà? Ti Màríà Mímọ́ ni?"

"Orin kẹ̀? Ta ló ní kí o kọrin?" Dókítà fúnra rẹ̀ ló bi í.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Adélékè gbá mi níwájú orí.

"Ọmọ burúkú! Inú rẹ wà ní ṣíṣí, àwàdà lò ń ṣe?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Kò gbé e kúrò. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń rùn bí i táyà tuntun.

Dókítà ní iṣẹ́ ti parí, ó kù kí òun rán ojú ọgbẹ́. Bó ṣe gba abẹ́rẹ́ báyìí, iná lọ.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ọ̀sán di òru lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbọ́ ọkàn mi nìkan ló ń dún. Tín. Tín.

Ohùn kan sọ̀rọ̀.

"Má tíì pa á dé."

Jẹ́jẹ́ ni. Kò jìnnà sí wa.

"Wo ẹ̀yìn ìfun."

Kì í ṣe èmi. Ẹnu mi ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ Adélékè.

Iná dé. Irin ń dún lẹ́yìn aṣọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Fọláwùnmí.

"Yéè! Sà, okùn ti yọ kúrò lára iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú!"

Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fà, ó fà. Kò tètè dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni.

"Fi ìka tẹ̀ ẹ́. Má gbọ̀n."

"N kò gbọ̀n, sà."

Àwàdà tán lẹ́nu mi.

Nígbà tí wọ́n rán mi tán, Dókítà bọ́ ìbòmú rẹ̀.

"Fọláwùnmí, o ṣeun. Bí o kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ yìí ì bá kú. Ṣùgbọ́n o kò tilẹ̀ fi sà kún un."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀, sà. Ẹ ní kí n wo ẹ̀yìn ìfun."

"N kò la ẹnu mi."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Adélékè. Adélékè ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ohùn ọmọ yìí ni mo gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Kò mì."

Wọ́n bi mí. Mo ní kì í ṣe èmi. Ta ni yóò gba Dùnsìn gbọ́? Ohùn tí èmi gbọ́ ní tèmi, n kò mọ olóhùn rẹ̀. Èmi tí mo mọ ohùn gbogbo ará Fájuyì. Mo ti gbìyànjú títí láti sín in jẹ. Ọ̀fun mi kì í gbé e.

Ọgbẹ́ náà jinná. Mo padà sí ibùdókọ̀, mo sì ń dààmú èrò bí i ti tẹ́lẹ̀.

Lánàá, òjò ṣú. Mo jókòó nílé, búrẹ́dì kún ẹnu mi. Ìyá mi wà ní yàrá kejì, ó ń pa fèrèsé dé. Lójijì ó yọ sí mi.

"Dùnsìn, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbé búrẹ́dì mì. "Kí ni mo sọ, Mọ́mì?"

"Èmi tí mo bí ọ lò ń sọ fún pé 'má tíì pa á dé'? Nínú ulé mi?"

"Mọ́mì, n kò sọ̀rọ̀."

"Ṣé etí mi ló wá ń purọ́?"

Ó padà wọlé. Mo gbọ́ tí fèrèsé dún gbàà.

Mo ká ẹ̀wù mi sókè. Mo wo àpá náà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ti pa dé. Ó ti pẹ́ tó ti pa dé.