Òkúta Abẹ́ Táyà

Ariwo irin ni Oyèrónkẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ọkọ̀ náà. Ó ń bọ̀ láti apá Ọjà Akẹ̀sán, kékeré, ó rẹlẹ̀ bí ìjàpá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù. Kò ní òrùlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó di sítíárìn mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, ó ń kígbe pé, "Ẹ yà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi o!"

Àwọn èèyàn yà. Ewúrẹ́ kan náà yà. Ọkọ̀ náà ò kúkú sáré, àmọ́ kò dúró náà, ó kàn ń yí bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Oyèrónkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta dúdú tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ mú, ó sáré bọ́ sí títì, ó tì í sábẹ́ táyà iwájú. Ọkọ̀ náà gun òkúta díẹ̀, ó mì, ó dúró.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ojú náà dùn-ún wò.

"Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Ibí yìí gan-an ni mò ń bọ̀. Ẹ dákun, ṣé ẹ ní ọ́ìlì gíà?"

Oyèrónkẹ́ wo òkúta, ó wo ọkùnrin náà, ẹ̀rín pa á. "Bọ̀ọ̀dá, òkúta ló dá yín dúró, ọ́ìlì gíà lẹ ń bèèrè? Ẹ ń wá ohun tí yóò jẹ́ kó lọ, ẹ ò wá ohun tí yóò jẹ́ kó dúró!"

Mátíù lorúkọ rẹ̀. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ náà fún un ní ìparí ọdún 1987, ó ní Mátíù nìkan ló ń dúró wò ó láìbèèrè iye tó máa tà á. Oyèrónkẹ́ náà, olùkọ́ ni. Ó ti parí ẹ̀kọ́, ó ń retí kí ìjọba pè é síṣẹ́, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ ta pátì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀, títí di ìgbà náà.

Àlàmú, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, yọ páàdì bíréèkì àtijọ́ jáde. Ó ti jẹ tán, irin ló ń họ irin. Oyèrónkẹ́ mú un wọlé, ó ń fi wé èyí tó wà lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí méjì tó bá a mu. Ó tò wọ́n síwájú Mátíù.

"Èyí le. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sá eré ìje ló fẹ́ràn rẹ̀. Kì í tètè jẹ tán, àmọ́ àfi kó gbóná kó tó mú dáadáa. Èyí kejì rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti mú nìyẹn, ìbáà tutù bí omi àmù. Àmọ́ kì í pẹ́. Ẹ ó tún padà wá rà á."

Mátíù wo páàdì líle. Ọkọ̀ eré ìje lòun ní, èyí tó le yẹn ló yẹ kóun mú. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọbìnrin tó dúró síwájú rẹ̀, tí gíríìsì díẹ̀ ta sí i létí.

"Tí mo bá padà wá rà á, ṣé ẹ̀yin lẹ ó tà á fún mi?"

"Ta ni kó tún tà á?"

"Ẹ fún mi ní èyí tó rọ̀."

Ó ku ọ́ìlì gíà. Àlàmú ní èyí tó nípọn jù lọ ló dáa, pé yóò pa ariwo gíà lẹ́nu mọ́. Mátíù fa ìwé ọkọ̀ náà yọ, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ni gíà rẹ̀ ń mu.

"Ṣé ẹnu kan náà ló fi ń mu méjèèjì ni?" Oyèrónkẹ́ bi í.

"Ẹnu méjì, oúnjẹ kan."

"Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí," ni Àlàmú wí.

Ohùn ìyá kan dún láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹni ẹlẹ́ni ò ní í wá kú sọ́wọ́ wa."

Ìyá Oyèrónkẹ́ nìyẹn. Wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, gíà sì wọlé láìrojọ́. Nígbà tí Mátíù lọ tán, Oyèrónkẹ́ wá òkúta ilẹ̀kùn tì. Ìyá rẹ̀ ní Àlàmú ló gbé e, ó bú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Látìgbà náà, kò sí Sátidé tí ọkọ̀ kékeré náà kì í dé. Lónìí Mátíù á ní òun gbọ́ ariwo kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní òun ò gbọ́ ariwo kankan, ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Oyèrónkẹ́ á rẹ́rìn-ín, wọn á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn á máa sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ ayé. Oyèrónkẹ́ ò wọ ọkọ̀ náà rí. Ó kàn máa ń gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀ bí Mátíù bá fẹ́ máa lọ, Mátíù á sì gbọ́wọ́ tirẹ̀ lé e.

Nígbà tí òjò ọdún náà dá, Mátíù dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Oyèrónkẹ́, ó ní òun fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe aya. Ìyá náà gbọ́ ọ jálẹ̀, ó sì ní kó dìde.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́, Mátíù. Àmọ́ ọmọ mi ò ní í wọ ohun tó wà níta yẹn. Ọkọ mi, James, òun ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Bíréèkì ló já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, lójú ọ̀nà ìlú yín, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mi ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́ látìgbà náà. Mi ò lè máa jókòó síbí, kí n máa fetí ṣọ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì."

"Màá tà á, mà," ni Mátíù sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Oyèrónkẹ́ bá a jáde. Inú ń bí i. "Ta ló ní kó o tà á?"

Mátíù yanu. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ.

"Tó o bá tà á, ẹ̀rù màámi ò ní í bá a lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò kù sí. Lónìí, mi ò ní í wọ ọkọ̀ rẹ. Lọ́la, mi ò ní í wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́túnla, ọmọ wa ò ní í lè sọdá títì."

"Ọmọ wa?"

"Má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Oyèrónkẹ́ mi. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà, Oyèrónkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lú omijé. Ìyá rẹ̀ tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ sùn. Títí ọyẹ́ fi dé, kò dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lé Mátíù.

Sátidé kan, ọyẹ́ mú débi pé èémí ń rú bí èéfín. Mátíù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí ìyá náà jáde, ó wé gèlè, ó gbé báàgì dání. "Mo fẹ́ lọ mọ ilé yín."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ," ni Oyèrónkẹ́ wí.

"Níbo lo fẹ́ jókòó sí? Àga méjì péré ló ní. Ẹni tó máa gbé ọmọ mi, kó kọ́kọ́ gbé mi ná."

Wọ́n lọ. Ìyá náà di ilẹ̀kùn mú pinpin. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ síhà odò, ìyá náà ṣàdédé ní, "Dúró níbí!"

Mátíù tẹ bíréèkì. Páàdì tutù, ojú ọ̀nà tutù, àmọ́ ọkọ̀ náà dẹ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró síbi tí ìyá náà nawọ́ sí. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró létí títì, ó ń wo ìsàlẹ̀. Mátíù pa ẹ́ńjìnnì, ó lọ ṣí bóòtù ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ohun kan jáde, ó tì í sábẹ́ táyà.

Ìyá náà yíjú padà. "Mátíù. Òkúta wo nìyẹn?"

Mátíù dojú bolẹ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ni mo gbé e. Oyèrónkẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sábẹ́ táyà mi. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

"Mo bú Àlàmú nítorí òkúta yìí!" Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e. Ohùn rẹ̀ yí padà. "James ló gbé e wá láti oko wọn ní Ìrẹsà, ọjọ́ tá a ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, 'Ìyàwó mi, ilẹ̀kùn rẹ ò ní í padé.'" Ó sunkún níbẹ̀, ẹkún tí kò rí ibi sun láti ọdún wọ̀nyí. Mátíù kúnlẹ̀ tì í, kò sọ pé kó dákẹ́. Nígbà tó sun ún tán, ó nujú. "Gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àwọn èèyàn rẹ á ti máa retí."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé. Oyèrónkẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Màámi, ẹ káàbọ̀. Báwo ni?"

"Olè lọkọ tó o fẹ́ fẹ́."

"Háà!"

"Òkúta mi ló jí. Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dá a padà lónìí. Kí bàbá rẹ̀ àti gbogbo ẹbí rẹ̀ gbé e wá, kí wọ́n fi iṣu ìdána tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tó àkókò láti lọ, Oyèrónkẹ́ wọ ọkọ̀ kékeré náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó mí kanlẹ̀. Òkúta dúdú wà lábẹ́ táyà.

Àwọn ọ̀dọ́ sáré síwájú láti gbé e kúrò. Ìyá Oyèrónkẹ́ dá wọn dúró. Ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òkúta náà. Lẹ́yìn náà ó ju páálí kékeré kan sórí itan ọmọ rẹ̀.

Mátíù yẹ̀ ẹ́ wò. Páàdì ni.

"Èyí tó rọ̀ ni," ni ìyá náà wí. "Tó bá jẹ tán, ẹ padà wá ra òmíràn."