Ojú Tó Ń Sáré

"Èmi lò ń mọ́ lójú báyìí?"

Ọ̀gá Chavula, ọ̀gá iléèwé abúlé wa lẹ́bàá ìlú Rumphi, ló ń jágbe mọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì tì í lójú.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ iléèwé gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kó sì dojú bolẹ̀ kí àgbà. Mwiza, ọmọ náà, kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyinjú rẹ̀ sì ń sáré lọ sáré bọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, kò tètè ké. Ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe, láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kò ti dúró sójú kan mọ́. Tó bá yí orí báyẹn ni ojú náà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, tí á sì ríran. Ọmọ tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ni o!

Kí ni alákọ̀wé wa wá ṣe? Ó di orí ọmọ mú, ó yí i síwájú tààrà. Ni ojú bá tún ń sáré kíkankíkan.

"Ewúrẹ́ dà nínú àwòrán yìí?"

Mwiza ò rí nǹkan kan.

"Olódo! Aláfojúdi! Ta ló mú un wá?"

Temwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló mú un wá. Ìyá wọn ti kì í nílọ̀ nílé: "Ṣá sọ fún wọn kí wọ́n fi orí ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà." Ṣùgbọ́n Zione, ọ̀rẹ́ Temwa, aláìníṣẹ́ tó ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀sín, dúró tì í lẹ́bàá ògiri.

"Àbúrò ẹ kọ́ nìyẹn, àbí? Wò ó bí alángbá!"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ aládùúgbò wa ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú un wá ni."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọbìnrin! Ọ̀gá gbọ́. Mwiza náà gbọ́.

"Ó yá, mú un padà fún àwọn tó ni ín." Ọ̀gá fi àyè Mwiza fún ọmọ tó kàn.

Lẹ́nu géètì, Temwa bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. Mwiza yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó dáadáa.

"Má pọ̀n mí. Lọ pe ẹ̀gbọ́n mi wá."

Temwa figbe ta. Ó sáré padà, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó jẹ́wọ́, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú náà. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wò ó.

"Àyè ti kún. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Zione tí Temwa torí ẹ̀ parọ́ ńkọ́? Ó ti bá tirẹ̀ lọ, ó ń jẹ mandasi tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dín.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ má torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ ẹbí yín. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mwiza ṣì wà nílé, kò sì gbà kí Temwa pọ̀n òun títí dòní.