Ọjọ́ Kẹrin Tí Mo Kà Sí Ọjọ́ Kejìlá

Mo parọ́ fún ọ̀gá mi pé mo ti dán iṣẹ́ mi wò, irọ́ náà sì mú kí aládùúgbò mi pàdánù ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀.

Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà náà. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìparí oṣù ló ń wálé. Èmi nìkan ni mò ń sùn nínú yàrá wa, èmi nìkan ni mò ń jẹun. Ní ilé ìwé, wọn kì í bú mi, wọn kì í sì í pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni Bàbá Aránṣọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Òsì ló fi ń ránṣọ, àrùn kan náà sì ti ń mú un. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn, á ké láti inú yàrá pé, "Ìyá Kọ̀ǹpútà! Ìwọ lò ń kọ́ ọ níwèé ni, àbí òun ló ń kọ́ ẹ?"

Lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe ojú ewé ayélujára. Ilé ìwòsàn ojú kan gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì inú rẹ̀ á rí ọjọ́ àti yàrá tó yẹ kó lọ. Méjèèjì ti wà nínú àdírẹ́sì náà, lẹ́yìn àmì ìbéèrè, báyìí: ?ojo=9&yara=2. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yóò yọ iye méjèèjì jáde, kí ó sì gbé wọn sójú ewé.

Mo ṣe é bó ṣe rọrùn fún mi. Mo gé e sí méjì níbi àmì &, mo mú ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́, mo mú ìkejì ní yàrá. Ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá wò ó. "Ipò lò ń kà. Ta ló sọ fún ẹ pé ọjọ́ ló máa ń ṣáájú?"

"Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ nìyẹn, mà."

"Lónìí. Tí mo bá ní kó o lọ pe akọ̀wé wá láàárín èrò, ṣé ẹni tó bá dúró síwájú lo máa fà wá? Orúkọ ni kó o wá. Rí 'ojo' ná, kó o tó mú iye tó tẹ̀ lé e. Tó o bá ṣe tán, fi yàrá ṣáájú, kó o dán an wò."

Ó yé mi. Mi ò lè sọ pé kò yé mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an, olórí kíláàsì wa ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó sì ti sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Ìwọ náà wá jàre, àbí kọ̀ǹpútà ni ọkọ ẹ?" Wọn ò pè mí síbì kankan rí. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo di báàgì mi.

"O ti yí wọn padà wò?" Ọ̀gá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó gbé wọn dáadáa?"

"Dáadáa ni, mà."

Ó gbà mí gbọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Níbi ọjọ́ ìbí náà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún wákàtí méjì. Ọmọbìnrin kan ní kí n bá òun di ife òun mú. Kò padà wá gbà á.

Oṣù kan kọjá. Ilé ìwòsàn yí bí wọ́n ṣe ń to àdírẹ́sì náà padà, yàrá wá ṣáájú ọjọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Aránṣọ nawọ́ fóònù rẹ̀ sí mi, àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ló wà lójú rẹ̀.

"Bá mi kà á. Lẹ́tà wọn ti kéré jù fún mi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ṣí. "Ọjọ́ kejìlá oṣù, Bàbá. Yàrá kẹrin."

"Kejìlá kẹ̀? Wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù ni dókítà tó ń wá ṣiṣẹ́ abẹ yẹn ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún."

"Ohun tó wà níbí nìyẹn, Bàbá."

Lókè ojú ewé náà, nínú àdírẹ́sì, wọ́n kọ ọ́ gbangba: yara=12&ojo=4. Mi ò gbójú sókè wò ó.

Ní ọjọ́ kejìlá, Bàbá wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ. Dókítà ti lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ènìyàn mẹ́fà ló gba ọjọ́ òdì bẹ́ẹ̀. Àwọn márùn-ún ní ọmọ tàbí ìyàwó tó pe ilé ìwòsàn láti béèrè. Bàbá Aránṣọ kò ní ẹlòmíràn, àfi èmi.

Ilé ìwòsàn pe Ọ̀gá. Ó ṣí kóòdù náà, ó kà á, ó sì wò mí. "Ṣé o yí wọn padà wò?"

"Rárá, mà."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi tún un ṣe.

Mo kan ilẹ̀kùn Bàbá, mo sọ fún un.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"O ṣeun tó o sọ." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, bí ẹ kò bá tíì ṣe iṣẹ́ kan, ẹ sọ pé ẹ kò tíì ṣe é. Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí kì í ṣe òótọ́ kì í dúró sọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ́. Yóò rìn títí yóò fi kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Dókítà náà padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó tan iná sí ojú òsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àrùn ti jẹ ẹ́ tán, iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe nǹkan kan fún un mọ́. Bàbá Aránṣọ kò sì ríran mọ́ títí dòní.