Ìkíni Inú Asansọ̀

Jẹ̀mílà ò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù ààrá, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù asansọ̀, àpótí irin tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé alájà mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sáàárín ìlú Parakou. Àjà keje sì ni biró asíráńsì, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó gbà á síṣẹ́, wà. Ni ọmọbìnrin bá ń gun àtẹ̀gùn láràárọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kẹrin, ó bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan yọ sí i.

"Ẹ kú ìrìn o. Ṣé Mẹ́kà lẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ ni?"

Jẹ̀mílà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Asansọ̀ yín yẹn, bó bá já ńkọ́?"

"Bó bá já, a jọ já ni."

Mùzàmmílù lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò Albarika. Àjà kẹrin níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ní biró tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ dúwáànì, àwọn aṣọ́bodè. Ó mú Jẹ̀mílà wọ asansọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń pa á lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dókè. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró dè é nísàlẹ̀ láràárọ̀. Kò pẹ́ tí Jẹ̀mílà fi mọ̀ pé ẹ̀rù asansọ̀ ti tán lára òun tipẹ́, ojú ọmọkùnrin yìí lòun ń wá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn.

Ìgbà tó yá, Bàbá Hùsèínì, àbúrò bàbá Mùzàmmílù, kó àwọn àgbà sẹ́yìn, wọ́n lọ tọrọ Jẹ̀mílà ní àdúgbò Banikanni lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Àlájì Tìjáànì, oníṣòwò aṣọ. Obì wà nílẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àfìgbà tí Àlájì gbójú sókè wo ọkọ ìyàwó.

"Háà! Ṣé ìwọ kọ́ lo bá mi nínú asansọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ wo ọmọ mi níbi iṣẹ́? Tó o dúró gangan, tó o kàn tẹrí sí mi bí ọmọ Faransé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ kún ni..."

"Ó kún! Èyí tó o wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lónìí, nítorí ìyàwó ni. Ọjọ́ tó ò mọ̀ mí ni mo rí ìwà rẹ. Ẹ gbé obì yín."

Jẹ̀mílà sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ẹbẹ̀ ò wọlé. Àlájì ti tún ń dárúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣòwò ní Malanville.

"Má sunkún mọ́, ayọ̀ mi," ni Mùzàmmílù wí. "Bàbá ò kórìíra mi. Ọmọ tó níwà ni wọ́n ń wá fún ọ."

"Ibo ni wọ́n fẹ́ kó o dọ̀bálẹ̀ sí? Lórí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlájì wá gba ìwé asíráńsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣe àlùwàlá lókè níbẹ̀ kó lè kírun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ sì jọ wọ asansọ̀. Ní àjà kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wọlé. Mùzàmmílù wà láàárín wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá." Ó tẹrí.

Àlájì kọjú sógiri.

Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ. Asansọ̀ dúró gbagidi láàárín àjà méjì. Wọ́n pariwo títí ọlọ́dẹ fi dáhùn nísàlẹ̀ pé ẹni tó ń tan ẹ̀rọ amúnáwá ti lọ ra gáàsì tí ẹ̀rọ náà ń mu. Wọ́n dúró, dúró, òógùn bò wọ́n. Àlájì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Àsárì ń bọ́ lọ o," ló wí. Láti kékeré ni kì í fi ìrun ṣeré.

Ó tọrọ gáfárà, wọ́n sún díẹ̀ fún un kó lè kọjú síbi tó yẹ. Ààyè àtibẹ̀rẹ̀ ò sí, ká má tíì sọ ti ìforíkanlẹ̀. Orí lásán ni Àlájì ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn àáfà ṣe kọ́ ẹni tí kò rí ààyè. Ó sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì.

Jẹ̀mílà yíjú sí i. "Bàbá, ṣé Ọlọ́run á gbà á?"

"Kí ni kò ní jẹ́ kó gbà á? Ṣebí ó rí i pé ààyè ò sí."

"Bàbá mi, Ọlọ́run gba títẹrí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ò sì gbà á lọ́wọ́ Mùzàmmílù."

Ẹnì kan húkọ́. Àlájì tún kọjú sógiri. Jẹ̀mílà rò pé òun ti ba ohun gbogbo jẹ́ pátápátá.

Nígbà tí iná dé tí ilẹ̀kùn ṣí nísàlẹ̀, Mùzàmmílù ò dúró gbọ́ nǹkan kan. Bó ṣe kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó na gbalaja sílẹ̀, tòun ti táì ọrùn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún un.

Àlájì dúró lé e lórí. "Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o mọ̀ pé èmi ni bàbá Jẹ̀mílà?"

"N ò mọ̀, Bàbá."

"O sì kí mi."

"Àgbà ni yín, Bàbá."

Àlájì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. "Sọ fún Hùsèínì kó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó má gbàgbé obì ẹ̀."

Lọ́jọ́ yìgì, èrò kún ilé Àlájì ní Banikanni débi pé abẹ́rẹ́ ò lè bọ́ sílẹ̀. Ọkọ ìyàwó ń tì, ó ń fà, ó ń wá ibi tí yóò dọ̀bálẹ̀ sí, kò rí. Àlájì rí i lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sókè.

"Tẹrí, ọmọ mi!" ló pariwo. "Tẹrí, ó ti tó!"